Sàréè Iwájú Ilé Sàlàkọ́

Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 2008.

Akóredé Àkànmú, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Dublin kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Aasiyah àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Bàtà tí o fi ránṣẹ́ há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ó ń tiro nínú rẹ̀ káàkiri Ìṣẹ̀rí kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà nílùú òyìnbó.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ògiri ilé wa kò nípọn, àwọn ayálégbé tó wà lẹ́yìnkùlé a sì máa gbé ọ̀rọ̀ mi lọ fún Bàbá Muiz, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní Ìkòtún.

Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún kẹta rèé, Bàbá Muiz kò yà wò wá rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ súùtù, wọ́n ń fi téèpù wọn iwájú ilé. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ní ọkùnrin náà fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Mo ní ilé ta ni wọ́n fẹ́ wó. Wọ́n ní ilé ẹbí ni, orúkọ àwọn ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀. Òótọ́ ni pé orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀. Bàbá rẹ wà lójú ọ̀nà Òkè Ọya pẹ̀lú tírélà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ìwé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun gbà á. Ó ní ta lòun máa fọkàn tán bí kò ṣe ọmọ ìyá òun.

Ibi tí mo ti ń ránṣọ jẹun, ibi tí à ń sùn, gbogbo ẹ̀ náà nìyí. Bí wọ́n bá tà á, èmi àti Aasiyah di ẹni tó ń gbé ẹrù kiri. Mo ti fẹjọ́ sun àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, àwọn á wádìí, àwọn á sì pè wá jókòó. Ìwọ tí o máa ń sọ pé ọgbọ́n rẹ kì í tán, gba èyí rò.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi Cecilia ti ń dáná fáwọn ọmọ ní Ẹ̀gbẹ́dá ni kí o fi èsì ránṣẹ́ sí. Ó ti gbà láti máa bá wa gba lẹ́tà.

Ìyá rẹ,
Ìdíátù.


Dublin,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 2008.

Màámi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdúró. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, nígbà tí mò ń lọ síbi tí mo ti ń fọ abọ́, inú sì bí mi débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Bàámi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà Iléyá. Ẹ̀yin ní ká gbé wọn wá sí Ìṣẹ̀rí, sí iwájú ilé tí wọ́n fi òógùn kọ́. Bàbá Muiz yarí, wọ́n ní ọlá ni kí á sin èèyàn sílé bàbá rẹ̀. A rò pé wọ́n ń bọlá fún òkú ni. Ayò ni wọ́n ń ta, Màámi. Ta ló fẹ́ ra ilé tí sàréè onílé wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ta tiwa náà. Sàréè gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé kí ọlọ́súùtù yẹn tó padà dé. Kò lè jẹ́ ti Bàámi, gbogbo ẹbí ló mọ ibi tí wọ́n wà. Ó ku èmi.

Ẹ má pariwo, ẹ kà á tán ná. Ẹ ní mo ti kú. Ẹ ní àìsàn ọkàn ló mú mi lọ lójú oorun. Ẹ ní àwọn Mùsùlùmí ibí ti wẹ̀ mí, wọ́n ti kírun, wọ́n sì ti kan pósí pa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ wálé, ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ẹ wá nǹkan tó wúwo sínú rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tí èmi àti Bàámi ti máa ń ta ayò ni kí ẹ sin ín sí. Ẹ da sìmẹ́ńtì lé e, kí ẹ kọ orúkọ mi gàdàgbà. Ẹ má sọ fún Aasiyah. Ọmọ yẹn ò mọ irọ́ pa, ẹkún rẹ̀ gan-an ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa rinlẹ̀.

Bí mo bá gba ìwé ìgbélùú mi, màá wálé, a ó jọ fi ṣẹ̀rín. Irọ́ tí a fi ń gba ilé ara ẹni là kì í ṣe irọ́ tó ń pa èèyàn. Ọgbọ́n ju agbára. Ní ti àwọn àgbà mọ́sáláṣí, sùúrù ni wọ́n á máa bẹ̀ yín títí ilé epo á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo.

Ọmọ yín,
Akóredé.


Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, 2008.

Sí ọmọ mi tí mo sin,

Mo kí ọ. Oṣù méjì ni mi ò lè fọwọ́ kan bírò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà rẹ, mo fà á ya. Mo ní ìyá wo ló ń fẹnu ara rẹ̀ pe ikú ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni àwọn tó fẹ́ gé igi máńgòrò dé, Bàbá Muiz ló rán wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi lọ, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo lọ bá Cecilia.

Ẹ̀gbọ́n Cecilia ló kan pósí, kò sì béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ni a gé, a fi aṣọ funfun tèmi gan-an wé e. Àwọn àgbà ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, ṣùgbọ́n èmi rí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́fà gbé pẹ̀lú omijé. Àfáà ní bí àwọn Mùsùlùmí ìlú òyìnbó tilẹ̀ ti kírun sí i lára, àwọn ará ilé náà gbọ́dọ̀ kí i. Ó dúró, gbogbo àdúgbò tò sẹ́yìn rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, mò ń bẹ Ọlọ́hun pé kó má gbọ́ àdúrà yẹn.

Aasiyah dákú. Omi la dà sí i lórí kó tó jí. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó sọ òótọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi jẹun nínú àwo kan náà mọ́. Ọgbọ́n tìrẹ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ṣáà jẹ́. Ọlọ́súùtù padà dé, ó rí sàréè, kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó fi yí i padà. Bàbá Muiz sunkún ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn tí èèyàn tú ká, wọ́n dúró nìkan lórí sàréè, wọ́n pẹ́ gan-an níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Má pè mí mọ́. Mo ti sọ síìmù yẹn nù. Èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n gbọ́ tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìyá rẹ.


Dublin,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 2008.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire, ẹ kú iṣẹ́ akin. Mo fò sókè nígbà tí mo kà á pé ọkọ̀ yí padà. Ẹ bá mi bẹ Aasiyah, ẹ ní n ó ra bàtà tó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ fún un.

Ẹ sọ fún mi, ta ni ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù? Ṣé àwọn tí a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìdímù wá? Èèyàn mélòó ló láǹfààní àtimọ ẹni tó fẹ́ràn òun lóòótọ́? Ẹ ya fọ́tò sàréè náà ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ gbé e sórí ibùsùn mi.

Ẹ má da ara yín láàmú nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Bàbá Muiz. Ẹni tí wọ́n bá jẹ ọmọ ayò rẹ̀ tán, kí ló kù fún un ju kó dákẹ́ lọ?

Èmi òkú yín,
Akóredé.


Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ ogún oṣù kìíní, 2009.

Akóredé,

Mi ò ya fọ́tò kankan. Mi ò sì ní kí ọ púpọ̀ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Bàbá Muiz padà dé. Kò mú ọlọ́súùtù wá, kò sì dárúkọ rìsíìtì mọ́. Àfáà kan láti Ìkòtún ni ó mú wá, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó máa jẹ́rìí. Ó jókòó lórí àga mi, ó ní òun wá kí á pín ogún Sàlàkọ́ àbúrò òun bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, kó má di ìjà. Àfáà náà bá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọkùnrin Sàlàkọ́ wà láyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní ìpín kankan níbẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ló dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ọmọkùnrin náà ti kú láìní ọmọ, tó ku obìnrin nìkan, ìpín wa ò lè gba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wọlé.

Ṣé o gbọ́? Ìwọ ni ìlẹ̀kùn tí a fi ti Bàbá Muiz mọ́ta, ọwọ́ wa la sì fi yọ ọ́.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa. Àgbà kan níbẹ̀ tẹjú mọ́ mi pẹ̀lú àánú. Ó ní àwọn ti wádìí nígbà yẹn, àwọn ti rí bíríkìlà méjì àti ẹni tó ta iyanrìn fún bàbá rẹ, gbogbo wọn ló gbà pé òun nìkan ló kọ́lé. Àwọn ti fẹ́ pe Bàbá Muiz jókòó kí wọ́n sì dá mi láre. Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fi í sí ló tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ. Wọ́n ní àwọn sún un síwájú nítorí wọn ò fẹ́ da ọ̀fọ̀ mi rú.

Ọ̀sẹ̀ kan, Akóredé. Ká ní a fi ọ̀sẹ̀ kan ní sùúrù. Bàbá rẹ máa ń sọ nídìí ayò pé ẹni tó bá ń wo èyí tó fẹ́ jẹ nìkan kò ní rí èyí tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. O gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ.

Wálé. Mi ò fẹ́ ọgbọ́n kankan mọ́. Wá dúró níwájú ilé kí wọ́n rí ojú rẹ.

Ìyá rẹ.


Dublin,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, 2009.

Màámi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi.

Mi ò lè wá. Bí mo bá fẹsẹ̀ kan kúrò nílùú yìí láìtíì gba ìwé, wọ́n á pa fáìlì mi dé, mi ò ní lè padà wọlé láéláé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń dúró. Lọ́yà ní ọdún yìí ni wọ́n máa dá mi lóhùn. Bí mo bá wá báyìí, ilé la máa ní, a ò ní ní nǹkan tí a ó jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Àfáà ní mo kú láìní ọmọ. Bí mo bá ní ọmọkùnrin ńkọ́? Ọmọ mi á dí Bàbá Muiz lọ́nà bí èmi ṣe dí i. Súmbọ̀ tó ń dirun ní Ìkòtún, tí a jọ ń fẹ́ra kí n tó rìnrìn àjò, ó ti bí ọmọkùnrin kan. Ẹ lọ bá a. Ẹ ní kó sọ pé a ti so yìgì ní bòókẹ́lẹ́ kí n tó lọ. Ẹ bá mi gbìyànjú èyí nìkan, Màámi.

Ọmọ yín,
Akóredé.


Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 2009.

Akóredé,

Mi ò lọ bá Súmbọ̀. Ó ní ọkọ, ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ jẹ ọmọ mi, ìwọ tún fẹ́ kí èkejì jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́ fún ọ.

Wọ́n ti pín ogún. Níwájú gbogbo wọn, àfáà gbé Àlùkùránì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni ọmọ mi ti kú. Mo rò ó pé kí n sọ òótọ́. Bí mo bá ní o wà láàyè, wọ́n á ní kí n mú ọ wá, ibo ni màá ti mú ọ? Wọ́n á ní ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú. Mo bá ní ó ti kú. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dúró láti kírun, ó ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yìn ni mo kọ sí ibi tó yẹ kí n kọjú sí.

Ọlọ́súùtù ti padà dé. Ó ní òun á ra gbogbo rẹ̀, kí kálukú gba ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òkú kúrò. Àfáà Ìkòtún ní kò burú, nítorí ilẹ̀ ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Lẹ́yìn àwẹ̀ ni wọ́n máa hú ọ. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa bá níbẹ̀, lójú Ìṣẹ̀rí, lójú Ìdímù.

Bí o bá ń bọ̀, wá kí àwẹ̀ tó parí. Ìwé rẹ kọ́ ni mo bí.

Ìyá rẹ.


Dublin,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, 2009.

Màámi, Màámi,

Wọ́n ti fún mi níwèé! Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì báyìí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mò ń wò ó, mo tún ń wò ó.

Wọ́n ti kó wa kúrò nílé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yín ti oṣù karùn-ún ò fi tètè tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àná ni mo gbà á. Mo mọ̀ pé àwẹ̀ ti fẹ́ parí. Ẹ dá wọn dúró. Ẹ sùn sórí sàréè náà bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ní ara yín ò yá. Ìwé ìrìnnà mi máa jáde ní oṣù kejìlá, ọjọ́ tó bá jáde ni màá wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kò sí ọgbọ́n kankan nínú èyí. Ojú mi ni màá mú wá. Màá bọ́ sílẹ̀ ní Ìkòtún, màá fẹsẹ̀ rìn dé Ìṣẹ̀rí kí gbogbo ayé rí mi, màá sì fọwọ́ ara mi pa orúkọ mi rẹ́ lára sìmẹ́ńtì yẹn. Lẹ́yìn náà, màá dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ ní kí Aasiyah gbálẹ̀ yàrá mi.

Ọmọ yín tó wà láàyè,
Akóredé.


Ẹ̀gbẹ́dá,
Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, 2009.

Akóredé, ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Cecilia ló kà á sí mi létí, nítorí omi ojú ò jẹ́ kí n rí i. O ti gba ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo sì ń dúpẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ọ, kí o má tíì di ẹrù.

Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ ni wọ́n wá, lẹ́tà rẹ ò tíì dé. Mo ní ara mi ò yá. Bàbá Muiz ní kí wọ́n gbé àga fún mi sẹ́bàá kòtò, kò ní pẹ́. Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n wà á títí wọ́n fi kan pósí. Bí wọ́n ṣe kàn án báyìí ni Bàbá Muiz ní kí gbogbo èèyàn yẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun ni bàbá tó kù fún ọmọ náà, òun lòun máa fọwọ́ kàn án. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú kòtò lọ fúnra rẹ̀, ó ṣí ìdérí. Ó tẹ̀ ba síbẹ̀, ó pẹ́. Mò ń ka kálímà lábẹ́ ètè, mo mọ̀ pé ọjọ́ ti pé.

Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò. Ó rọra sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ àfi èmi.

"Ìyá Akóredé, ọmọ rẹ ti jẹrà tán. Àbí kí n sọ nǹkan mìíràn?"

Ó ti mọ̀, Akóredé. Mo rò pé láti ọjọ́ tó dá dúró lórí sàréè yẹn ló ti mọ̀. Ó fi ọ́ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ nítorí òkú rẹ wúlò fún un ju ààyè rẹ lọ. Mo wo àwọn aládùúgbò tó bá mi sunkún. Mo wo àfáà wa tó kírun. Mo ní, "Ó ti jẹrà tán." Ó bá kó erùpẹ̀ dúdú sínú aṣọ funfun, ó dì í bí ẹní di ọmọ tuntun, ó gbé e jáde tomijé tomijé. Itẹ́ òkú Mùsùlùmí ni wọ́n gbé e lọ.

Wọ́n ti wó ilé náà. Igi máńgòrò ló kọ́kọ́ lọ. Yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé Cecilia ni mo wà. Aasiyah ti lọ bá àwọn èèyàn mi n'Íbàdàn. Kí ó tó lọ, ó fi bàtà rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

O ní ò ń bọ̀ ní oṣù kejìlá. Má wá. Bàbá Muiz ti ránṣẹ́ sí mi pé lọ́jọ́ tí o bá yọjú ni òun máa sọ ohun tí òun fọwọ́ kàn nínú pósí. Èmi ni mo gbá Àlùkùránì mú, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n kírun sí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára. Èmi ni mo máa lo ìyókù ayé mi láàárín wọn, ìwọ kọ́. Ìwé rẹ lè gbé ọ wálé báyìí, kò kàn sí ilé mọ́ ni. Dúró níbẹ̀, fẹ́ ìyàwó, bímọ. Má sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe kú.

Ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń lọ sí itẹ́ òkú, nítorí àwọn èèyàn ń retí pé kí n lọ. Bí mo bá ti rí i pé ẹnì kan ń wò mí, màá sunkún díẹ̀, màá sì dìde. Ní Jímọ̀ tó kọjá, òjò rọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí mo lè máa ṣe é fún. Mo sunkún rẹ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì.

Ìyá rẹ,
Ìdíátù.